Báwo ni a ṣe mọ bí átọ́mù ṣe rí? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwọn àwòṣe rẹ̀

Ẹni tó bá ti ṣí ìwé sáyẹ́ǹsì rí á ti rí àwòrán yẹn: àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù mélòó kan ṣù jọ sí àárín, àwọn mìíràn ń yí wọn po bí pílánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yí oòrùn po. Àwòrán náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò sì tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó jáde tí àwọn onímọ̀ físíìsì fi pa á tì. Kí ló wà ṣáájú rẹ̀? Kí ló lé e lọ? Kí ló dé tí kò tíì kúrò nínú ìwé? Àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹyọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo dáhùn síbí. Ohun kan ni ẹ ó máa bá pàdé léraléra nínú ìdáhùn mi: kò sí àwòṣe kankan tí wọ́n sọ nù torí pé ó ti gbó. Ìwọ̀n kan ṣoṣo, àbájáde kan tí kò bá a mu, ló máa ń dúró sí ọ̀nà rẹ̀ tí kò fi ní rí èsì fọ̀.

Kí ni ìtumọ̀ "àwòṣe" níbí? Ṣé kì í ṣe àwòrán lásán ni?

Rárá. Àwòṣe ni ọ̀nà tí a gbà ń ronú nípa ohun tí ojú wa ò tó, débi tí a fi lè ṣírò ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Àwòrán lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè má sí. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ìtàn ni pé ó máa ń fi ọrùn ara rẹ̀ sílẹ̀: bí mo bá tọ̀nà, báyìí ni nọ́ńbà yìí yóò jẹ́ tí ẹ bá wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ dé nìyẹn.

Ta ló kọ́kọ́ sọ pé átọ́mù wà?

Leucippus àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, Democritus ará Abdera, ní ilẹ̀ Gíríìsì, ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú Sànmánì Kristẹni. Wọ́n ní bí a bá ń gé nǹkan sí méjì, tí a tún ń gé ìdajì rẹ̀ sí méjì, a máa dé ibi tí kò ní ṣeé gé mọ́. Orúkọ tí wọ́n fún ohun tó kù yẹn, "atomos", kò ju "èyí tí kò ṣeé gé" lọ. Ní Íńdíà náà, àwọn onímọ̀ tó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Kanada sọ ohun tó jọ ọ́.

Aristotle kò gbà. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti iná ni gbogbo nǹkan ti wá, èrò yẹn ló sì borí fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Àwọn kan máa ń bú Aristotle lórí èyí. Èmi ò bá wọn bú u. Democritus kò ní ẹ̀rí kankan tí Aristotle ò ní. Àríyànjiyàn ẹnu lásán ni àwọn méjèèjì ń ṣe, ọ̀kan nínú wọn sì kàn bọ́ sí ibi tó tọ̀nà. Bí a bá fẹ́ mọ ìgbà tí átọ́mù di ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, ká wá ìgbà tí wọ́n gbé òṣùwọ̀n lé orí tábìlì.

Kí wá ni Dalton ṣe tí Democritus ò ṣe?

Òṣùwọ̀n náà ni. Antoine Lavoisier, ará Faransé, ti kọ́kọ́ fi hàn pé bí nǹkan bá jó tàbí tó para dà nínú ìgò tí a dé pa, ìwúwo gbogbo rẹ̀ kì í dín, kì í sì í lé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1789. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, àwọn aṣèyípadà ìjọba bẹ́ ẹ lórí. Joseph Proust wá fi hàn pé àdàpọ̀ kan náà máa ń ní ìpín kan náà nínú nígbà gbogbo, ibi yòówù kí wọ́n ti rí i.

John Dalton, olùkọ́ kan ní Manchester tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ahunṣọ, bẹ̀rẹ̀ sí í to èrò rẹ̀ jọ ní 1803, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1808. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Gíráàmù 12 kábọ́ọ̀nù lè gba gíráàmù 16 ọ́síjìn mọ́ra, gáàsì olóró kan á sì jáde. Ó tún lè gba gíráàmù 32, gáàsì tí a ń mí síta á jáde. Ṣùgbọ́n kò ní gba 20. Kò ní gba 27. Ìlọ́po méjì gééré ni, kò sí ohun tó wà láàárín. Kí ló lè fa irú èyí? Bí ọ́síjìn bá jẹ́ ohun tó ń ṣàn tí a lè bù bó ṣe wù wá, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹyọ ẹyọ ni, kábọ́ọ̀nù kan lè mú ọ́síjìn kan, ó sì lè mú méjì; kò lè mú ọ̀kan àti ààbọ̀.

Átọ́mù ti Dalton nìyẹn: bọ́ọ̀lù kékeré tó le gbagidi, tí kò ní inú, tí èròjà kọ̀ọ̀kan sì ní irú tirẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo tirẹ̀. Ó ṣe àṣìṣe tó pọ̀ o. Ó rò pé háídírójìn kan àti ọ́síjìn kan ló wà nínú omi, nítorí náà ó ka ọ́síjìn sí nǹkan bí ìlọ́po méje háídírójìn dípò 16. Amedeo Avogadro ti ní ojútùú rẹ̀ lọ́wọ́ ní 1811, ṣùgbọ́n wọn ò kà á sí títí di ìpàdé tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ṣe ní Karlsruhe ní 1860, níbi tí Stanislao Cannizzaro ti gbé e dìde padà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹnu kò lórí ìwúwo ni Dmitri Mendeleev rí ohun tó lè tò sínú àtẹ èròjà rẹ̀ ní 1869.

Ṣé gbogbo èèyàn gbà pé átọ́mù wà lẹ́yìn èyí?

Ó jìnnà sí bẹ́ẹ̀. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ògbóǹtarìgì bí Ernst Mach àti Wilhelm Ostwald ṣì ń sọ pé ọgbọ́n ìṣirò lásán ni átọ́mù. Ohun tó yí Ostwald lọ́kàn padà jẹ́ ohun kékeré kan tí Robert Brown ti rí ní 1827: àwọn hóró tó ti inú àtíkè òdòdó jáde, tí wọ́n léfòó nínú omi, ń gbọ̀n, wọn ò sì dáwọ́ dúró. Ní 1905, Albert Einstein ṣírò bó ṣe yẹ kí wọ́n máa sún kúrò lójú kan bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ omi tí kò ṣeé fojú rí ló ń tì wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún. Láti 1908, Jean Perrin wọ̀n ọ́n ní Paris. Nọ́ńbà náà bára mu, Ostwald sì túúbá.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé nígbà tí Ostwald ń gbà pé átọ́mù wà, J. J. Thomson, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn báyìí, ti tú u palẹ̀ ní bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé átọ́mù ní inú?

Ní Cambridge ní 1897, J. J. Thomson ń ṣiṣẹ́ lórí túùbù gíláàsì tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá gba iná mànàmáná kọjá nínú irú túùbù bẹ́ẹ̀, ìtànṣán kan máa ń ti orí irin kan sá lọ sí òdìkejì. Àwọn kan ní ìgbì ni, bíi ti ìmọ́lẹ̀. Thomson gbé òòfà sún mọ́ ọn, ó tẹ̀. Ó fi iná mànàmáná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tún tẹ̀, sí ibi tí ohun tó ní iná nẹ́gétíìfù yóò tẹ̀ sí. Láti inú bó ṣe tẹ̀ tó, ó ṣírò bí iná ara rẹ̀ ṣe pọ̀ tó sí ìwúwo rẹ̀.

Nọ́ńbà tó rí ju ti háídírójìn tó ní iná lára lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ó pààrọ̀ irin, ó pààrọ̀ gáàsì, nọ́ńbà náà ò yí padà. Ohun kan náà ló ń jáde láti ara gbogbo irin! Ó túmọ̀ sí pé ohun kan wà tó fúyẹ́ ju átọ́mù tó fúyẹ́ jù lọ, tó sì wà nínú gbogbo wọn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù là ń pè é lónìí, orúkọ tí George Johnstone Stoney ti dá sílẹ̀ ní 1891 fún ìwọ̀n iná tó kéré jù lọ. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 1,836 ìwúwo pírótọ́ọ̀nù, ọta pọ́sítíìfù tó wà láàárín átọ́mù. Bí ohun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "èyí tí kò ṣeé gé" ṣe di ohun tí wọ́n gé nìyẹn, orúkọ sì ti mọ́ ọn lára.

Ṣé òótọ́ ni pé Thomson fi átọ́mù wé àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi èso gbígbẹ há nínú?

Àwọn ẹlòmíì ló fún un lórúkọ yẹn, ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Thomson mọ̀ pé átọ́mù lódindi kò ní iná lára, nítorí náà ohun pọ́sítíìfù kan gbọ́dọ̀ wà tó ń pa iná nẹ́gétíìfù rẹ́. Nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1904, ó ní kí a ka pọ́sítíìfù yẹn sí òbìrìkìtì tó fẹ̀ kárí gbogbo átọ́mù, kí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò dúró sójú kan bí èso inú àkàrà. Ó ní wọ́n ń yí po ní ipele ipele, ó sì lo ìṣirò láti mọ iye tí ipele kọ̀ọ̀kan lè gbà kó tó dà rú. Ó ń wá ọ̀nà láti fi ìyẹn ṣàlàyé àtẹ Mendeleev. Ìgbìyànjú gidi ni, kì í ṣe oúnjẹ.

Ní ọdún kan náà, Hantaro Nagaoka ní Japan dábàá ohun mìíràn: pọ́sítíìfù ńlá láàárín, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bí òrùka Saturn yí i ká. Wọ́n ní kò lè dúró, òun náà sì pa á tì.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an nínú àyẹ̀wò wúrà?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ernest Rutherford, ọmọ New Zealand, wà ní yunifásítì Manchester. Ó ti gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 1908 lórí bí àwọn èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde ṣe ń di èròjà mìíràn. Ọta alpha ni irinṣẹ́ rẹ̀: ohun tó ń ti ara àwọn èròjà bíi rédíọ́ọ̀mù jáde, tó ní iná pọ́sítíìfù, tó wúwo ju ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ ní ìlọ́po tó lé ní 7,000, tó sì ń sáré ju 10,000 kìlómítà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Hans Geiger, ará Jámánì, àti Ernest Marsden, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún, ló ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ náà. Wọ́n á ju ọta wọ̀nyí lu wúrà tí wọ́n ti lù títí tó fi tín-ín-rín ju bébà lọ dáadáa. Lẹ́yìn wúrà náà, gíláàsì kan wà tí wọ́n fi zinc sulphide kùn. Ibi tí ọta bá ti bà á, iná bíńtín á bù yẹ̀rì. Ẹ̀rọ kankan ò kà á fún wọn. Wọ́n á jókòó sínú òkùnkùn títí ojú wọn á fi mọ́ ọn, wọ́n á wá máa fi awò ka bíbù yẹ̀rì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí àwòṣe Thomson bá tọ̀nà, gbogbo ọta ló yẹ kó kọjá, kó kàn yà díẹ̀. Pọ́sítíìfù tó fọ́n ká káàkiri átọ́mù kò ní agbára níbì kan tó lè dá irú ọta bẹ́ẹ̀ dúró. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì fúyẹ́ jù. Lóòótọ́, èyí tó pọ̀ jù lọ kọjá. Rutherford wá ní kí Marsden wò ó bóyá ìkankan ń padà sẹ́yìn. Kò dà bíi pé ó retí pé á rí nǹkan.

Wọ́n ń padà. Nígbà tí wọ́n ka iye tó ta padà láti ara irin pílátínọ́ọ̀mù ní 1909, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 8,000 ni. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Rutherford sọ pé ṣe ló dà bí ẹni yìnbọn àgbá ńlá lu bébà pẹlẹbẹ, tí ọta rẹ̀ sì ta padà wá bá a. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.

Ohun tí àwọn ìwé kì í sábà sọ ni pé kò yé e lọ́jọ́ yẹn. Ó tó ọdún méjì kó tó rí i tò. Ní 1911 ló tó gbé ìṣirò jáde pé ìkọlù ẹyọ kan ṣoṣo ló lè dá ọta padà, pé gbogbo iná yẹn àti èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo átọ́mù ti gbọ́dọ̀ ṣù jọ sí ojú kan tó kéré gan-an. Nínú ìwé 1911 yẹn, kò tíì lo ọ̀rọ̀ "nucleus", èyí tí mo ń pè ní kókó níbí, kò sì tíì sọ ní pàtó bóyá pọ́sítíìfù ni iná inú rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ ló sọ iye ọta tó yẹ kó yà sí igun kọ̀ọ̀kan. Geiger àti Marsden padà sínú òkùnkùn, wọ́n ka bíbù yẹ̀rì tó ju 100,000 lọ, àbájáde wọn sì jáde ní 1913. Ó bá ìṣirò náà mu.

Ṣé òótọ́ ni pé òfìfo ni átọ́mù?

Bí kókó wúrà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, bíi hóró èso kan, átọ́mù rẹ̀ lódindi yóò fẹ̀ tó nǹkan bí 200 mítà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òfìfo ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e jìnnà jù. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gba gbogbo àyè yẹn, kì í ṣe bí ẹni tó ń sáré kiri nínú ilé ńlá, bí ohun tó tàn ká inú rẹ̀ ni. Àwọn ló ń jẹ́ kí ọwọ́ yín dúró lórí tábìlì dípò kó wọ inú rẹ̀ lọ.

Kí ló wá kù díẹ̀ káàtó nínú àwòṣe Rutherford?

Kò yẹ kí átọ́mù rẹ̀ lè wà rárá. Òfin iná àti òòfà tí James Clerk Maxwell ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sọ pé ohun tó ní iná lára, tó ń yí po, gbọ́dọ̀ máa tú ìmọ́lẹ̀ jáde, agbára rẹ̀ á sì máa dín kù. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa yí bọ̀ sísàlẹ̀ títí tí á fi já lu kókó. Nínú ìdá bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá, ó ti parí. Gbogbo ayé á ti wó lulẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú.

Ìṣòro kejì ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Gáàsì háídírójìn tí iná bá kọjá nínú rẹ̀ kì í tú gbogbo àwọ̀ jáde. Ìlà mẹ́rin péré ni ojú lè rí: 656, 486, 434 àti 410 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá bílíọ̀nù kan mítà). Ní 1885, Johann Balmer, olùkọ́ ilé ìwé kan ní Basel, rí ìṣirò kékeré kan tó mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, ṣùgbọ́n òun pàápàá kò mọ ìdí tó fi ṣiṣẹ́.

Báwo ni Bohr ṣe yanjú ẹ̀?

Niels Bohr, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Denmark tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Rutherford ní 1912, fi àṣẹ yanjú ẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo "àṣẹ" ni. Kò ṣàlàyé ìdí tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í fi í já. Ó kàn ní àwọn ipele kan wà tó ti lè dúró láìtú ìmọ́lẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sí láàárín wọn. Max Planck ti sọ ní 1900 pé agbára máa ń jáde ní ìdì ìdì, Bohr sì gbé ìyẹn wọ inú átọ́mù. Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ti ipele gíga bọ́ sí ìsàlẹ̀, ìyàtọ̀ agbára méjèèjì á jáde bí ìmọ́lẹ̀. Láti ipele kẹta sí ìkejì, ìlà pupa 656 nìyẹn. Láti ìkẹrin sí ìkejì, 486. Ìṣirò Balmer jáde wálẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú agbára tí a nílò láti já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ háídírójìn: 13.6 electronvolt, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára nínú átọ́mù. Àti ìdajì ìbú átọ́mù náà: 0.053 nánómítà.

Ọdún 1913 ni. Ó sì tètè hàn pé háídírójìn nìkan ló gbọ́ràn sí i lẹ́nu dáadáa. Ní kété tí ẹ bá fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kejì kún un, bíi ti hílíọ́ọ̀mù, ìṣirò náà fọ́. Arnold Sommerfeld tún un ṣe ní 1916, ó fi ọ̀nà tó rí bí ẹyin kún èyí tó rí roboto, ìyẹn ran àwọn ìlà kan lọ́wọ́. Kò ran hílíọ́ọ̀mù.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn kì í sọ̀rọ̀ Moseley?

Torí pé kò pẹ́ láyé. Henry Moseley fi X-ray yẹ èròjà kan lẹ́yìn òmíràn wò ní 1913 àti 1914, ó sì rí i pé ìwọ̀n ìtànṣán tó ń jáde ń gòkè ní ìgbésẹ̀ kan náà láti èròjà kan sí èkejì. Iye iná inú kókó ló ń kà. Títí di ìgbà yẹn, nọ́ńbà tí èròjà ní lórí àtẹ jẹ́ ipò lásán, bí ìgbà tí èèyàn tò sórí ìlà. Moseley sọ ọ́ di ohun tí a lè wọ̀n. Ó ṣàlàyé ìdí tí cobalt fi gbọ́dọ̀ ṣáájú nickel bó tilẹ̀ wúwo jù ú lọ: 27 ni iná kókó rẹ̀, 28 ni ti nickel. Ó tún fi hàn pé àyè 43, 61 àti 75 ṣófo, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá wọn rí. Ọta ìbọn pa á ní Gallipoli ní oṣù kẹjọ 1915. Ọmọ ọdún 27 ni.

Kí ni ìkùukùu ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí wọ́n fi rọ́pò ipele Bohr?

Ní 1924, Louis de Broglie sọ ohun tó jọ àwàdà: bí ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ ìgbì bá lè hùwà bí ọta, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó jẹ́ ọta lè hùwà bí ìgbì. Ní 1927, Clinton Davisson àti Lester Germer ní Amẹ́ríkà ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lu nickel, wọ́n sì rí i pé ó ń fọ́n ká ní ìlànà tí ìgbì nìkan ló ń tẹ̀ lé. George Paget Thomson rí irú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ J. J. Thomson ni. Bàbá fi han ayé pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jẹ́ ọta. Ọmọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1937 torí pé ó fi hàn pé ó jẹ́ ìgbì. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Láàárín 1925 sí 1926, Werner Heisenberg àti Erwin Schrödinger gba ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ dé ìṣirò tó wá di ọ̀kan náà. Nínú ti Schrödinger, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jẹ́ ìgbì tó yí kókó ká. Max Born ló sọ ohun tí ìgbì náà túmọ̀ sí: ibi tó bá ti ga, ibẹ̀ ni ó ṣeé ṣe jù kí a bá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bí a bá wá a. Bí wọ́n bá ya ìṣeéṣe yẹn sórí bébà, á dà bí ìkùukùu, ó nípọn níbì kan, ó fẹ́lẹ́ níbòmíràn. Ojú ọ̀nà tó ń gbà yí po, tí a máa ń yà ní ìlà roboto, ti lọ. Kì í ṣe pé ó fara pamọ́ fún wa. Kò sí níbẹ̀ ni.

Èyí ló wá dáhùn ìbéèrè tí Bohr fi àṣẹ dí lẹ́nu. Bí ẹ bá há ìgbì mọ́ àyè tóóró, agbára ìrìn rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Kókó ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fà á mọ́ra tó ni agbára ìrìn yẹn ń tì í padà tó. Ibi tí méjèèjì ti dọ́gba ni ìbú átọ́mù. Fún háídírójìn, ẹ ṣírò rẹ̀, 0.053 nánómítà ti Bohr náà ló máa jáde. Òfin tí Wolfgang Pauli gbé kalẹ̀ ní 1925, pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì kò gbọ́dọ̀ wà ní ipò kan náà gẹ́lẹ́, ló sì ṣàlàyé ìdí tí gbogbo wọn kì í fi í rọ́ lọ sí ìsàlẹ̀, àti ìdí tí àtẹ Mendeleev fi rí bó ṣe rí.

Níbo ni níútírọ́ọ̀nù wà ní gbogbo àkókò yìí?

Ó wà nínú kókó pẹ̀lú pírótọ́ọ̀nù, kò kàn ní iná lára tí wọ́n lè fi dá a mọ̀ ni. Rutherford ti dá pírótọ́ọ̀nù mọ̀ nígbà tó fi ọta alpha lé e jáde nínú náítírójìn. 1919 ló tẹ àbájáde náà jáde, 1920 ló fún un lórúkọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò ò jọ ara wọn: iná hílíọ́ọ̀mù jẹ́ 2, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 4. Frederick Soddy sì ti fi hàn ní 1913 pé átọ́mù èròjà kan náà lè ní ìwúwo tó yàtọ̀ síra, ohun tí Dalton sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ronú pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ló há sínú kókó tó ń pa iná rẹ́. James Chadwick, tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Rutherford ní Manchester, ló rí èyí tó sọnù ní 1932. Ìtànṣán kan tí òòfà ò lè tẹ̀ ń lé pírótọ́ọ̀nù jáde nínú epo àbẹ́là tó dì. Ó wọn agbára rẹ̀: ohun tó wúwo tó pírótọ́ọ̀nù nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé pírótọ́ọ̀nù náà ní inú?

Ó ní. Ní 1964, Murray Gell-Mann àti George Zweig, láìgbìmọ̀ pọ̀, dábàá àwọn ohun tí a ń pè ní quark. Láti 1968, wọ́n ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré gan-an lu pírótọ́ọ̀nù ní ilé ìwádìí SLAC ní California. Àwọn kan ń yà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ti gbọ́ irú ìtàn yẹn rí lókè.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti fojú rí átọ́mù?

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń lò tóbi jù fún un, nítorí náà awò lásán ò lè gbé e. Ṣùgbọ́n Erwin Müller fi ẹ̀rọ tirẹ̀ rí átọ́mù kọ̀ọ̀kan lórí ṣóńṣó irin ní 1955. Ní 1981, Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer ní ilé ìwádìí IBM tó wà nítòsí Zurich ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi abẹ́rẹ́ táṣẹ́ orí irin bí afọ́jú ṣe ń fọwọ́ ka ìwé. Ní 1989, Don Eigler fi irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ti átọ́mù xenon 35 títí wọ́n fi kọ lẹ́tà mẹ́ta, I, B, M. Mach ti kú ní 1916. Ì bá wù mí kó rí i.

Bí wọ́n bá ti pa àwòṣe Bohr tì, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ?

Torí pé ó wúlò. Onímọ̀ kẹ́mísírì tó ń ṣírò iye èròjà tó máa dà pọ̀ ṣì ń lo bọ́ọ̀lù Dalton lójoojúmọ́. Ẹni tó ń ka ìlà ìmọ́lẹ̀ háídírójìn láti ara ìràwọ̀ ṣì lè lo ipele Bohr. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ mọ bí átọ́mù méjì ṣe ń so mọ́ra ni ìkùukùu Schrödinger di dandan. Àríwísí tèmi kò ju ẹyọ kan lọ: ọ̀pọ̀ ìwé kì í sọ fún ọmọ pé àwòrán náà ti ní ibi tó ti kùnà. Ọmọ á wá dé ìpele gíga, wọ́n á ní kó gbàgbé ohun tó kọ́, á sì rò pé wọ́n tan òun jẹ.

Ṣé ohun kan ṣì lè da àwòṣe òní rú?

Ó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Fún ọdún púpọ̀, wọ́n ka ìdajì ìbú pírótọ́ọ̀nù sí nǹkan bí 0.88 femtomítà (femtomítà kan jẹ́ ìdá mílíọ̀nù kan nánómítà). Ní 2010, àwọn onímọ̀ kan ní Switzerland mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò nínú háídírójìn, wọ́n fi muon, ọta tó jọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣùgbọ́n tó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po 207, rọ́pò rẹ̀, kí ó lè sún mọ́ pírótọ́ọ̀nù dáadáa. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 0.84. Ìyàtọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó ju ohun tí àṣìṣe òṣùwọ̀n lè ṣàlàyé lọ, àwọn kan sì ti ń sọ pé agbára tuntun kan tí a ò mọ̀ ló fara hàn. Àwọn mìíràn padà sídìí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, wọ́n tún un wọ̀n. Èyí tó jáde ní 2019 láti ilé ìwádìí Jefferson ní Amẹ́ríkà jẹ́ 0.83, ó sún mọ́ ti muon ju 0.88 àtijọ́ lọ.